Ọ́fíìsì Àwọn Ibi Tí A Kì Í Fi Han Ìyá

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, èmi kọ́ ni mo lá a, kì í sì í ṣe òru ni wọ́n lá a. Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́bọ̀, nílùú Ìkìrun, lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ ẹni tó lá a. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ rọ́ ọ fún mi, mi ò sì bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o. Mo mọ̀ yín.

Morádéyọ̀ ló lá àlá náà, ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní Màmá Oníwèé. Ẹgbẹ́ ni wá, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, oríṣi ìwé méjì ló sì ti ń kọ láyé rẹ̀. Ó ń kọ ìwé ọmọdé, ó sì ń kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n nítorí ìgbín kan tó yá àlejò ní ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òjò wá bá a níta ní ìhòòhò. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n nítorí Sájẹ́ǹtì Ọ̀kánlàwọ́n, ọlọ́pàá tí kì í gba rìbá, tó ti rí òkú méjìlélógún nínú ìwé méjìlélógún: òkú inú kànga, òkú abẹ́ àká, òkú tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ mọ́ ògiri. Kò sí èyí tí wọ́n gbé pamọ́ tí Sájẹ́ǹtì ò rí. Àwọn ènìyàn a máa bi Morádéyọ̀ pé, “Màmá, báwo lẹ ṣe ń kọ ti ọmọdé, tẹ́ ẹ tún ń kọ ti apànìyàn?” Á kàn rẹ́rìn-ín ni. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí.

Èmi mọ ìdí rẹ̀. Ìbídùn ni àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà gbé e dè. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ yẹn ni Morádéyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbín, kí ọmọ lè gbàgbé ara rẹ̀ kó sì gbé oògùn mì. Ojoojúmọ́ ló ń fi díẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ibà borí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òbí kì í sìnkú ọmọ, wọn kì í sì í fi ojú oórì ọmọ han ìyá. Àwọn obìnrin há a mọ́ yàrá, wọ́n ń kí i pé, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ méjì gbé ọmọ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n fọwọ́ òfìfo wálé, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n panu mọ́. Gbọ́lágadé, ọmọ rẹ̀ kejì, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà kan nawọ́ sí ọmọ ẹ̀yìn náà, ó ní, “Má wádìí o. Ìyá tó bá rí ojú oórì ọ̀kan, ìkejì ni yóò fi san án.”

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta rèé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà ò mọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ náà ti kú tipẹ́. Èkejì, Ọládòkun, òun ni wọ́n sin lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú àlá yìí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni Morádéyọ̀ fi ń retí ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa la ẹnu, kò là á. Bí wọ́n ti ń bu erùpẹ̀ lé e, Morádéyọ̀ ń sunkún, gbogbo ayé sì ń sọ pé ó mà fẹ́ràn ìdílé ọkọ rẹ̀ o. Wọn ò mọ̀ pé ibi tí Ìbídùn wà ni wọ́n ń bo mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó dáa. Lọ́jọ́bọ̀ náà, ó jẹun ọ̀sán, ó jókòó, ó ní òun fẹ́ parí orí kan nínú ìwé kẹtàlélógún, oorun gbé e lọ.

Wọ́n kan ìlẹ̀kùn, Sájẹ́ǹtì Ọ̀kánlàwọ́n wọlé. Etí kan ṣoṣo ló ní, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ ni ayàwòrán yà sí èèpo ìwé, ẹ̀gbẹ́ kejì sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó. Morádéyọ̀ ò jáyà. Ó ní àfi bíi pé òun ti ń retí rẹ̀.

“Ẹ káàsán, Tíṣà.”

“Káàsán o, Sájẹ́ǹtì. Bàtà rẹ dà?”

“Ẹ ò fún mi ní bàtà rí. Ìwé méjìlélógún, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń lé apànìyàn.”

“Háà, má bínú. Ó fò mí ni.”

“Kò burú. Ẹ dìde. Wọ́n ti gbé ẹjọ́ náà jáde padà.”

Kò bi í pé ẹjọ́ wo. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ó wá sálúbàtà rẹ̀, ó tẹ̀lé e gba ilé ìdáná jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé kò sí lẹ́yìn ilé ìdáná mọ́. Àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀, ó lọ sókè tààrà sí sánmà. Lókè ibẹ̀ ni ọ́fíìsì kan wà, alájà méjì, tó léfòó lórí ìlú Ìkìrun. Wọ́n fi okùn màlúù so ó mọ́ igi iṣin kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: Ọ́fíìsì Àwọn Ibi Tí A Kì Í Fi Han Ìyá. Morádéyọ̀ kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Wọ́n ṣeun tí wọ́n mú un wá sítòsí. À bá tún máa wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo.”

Inú ọ́fíìsì náà kún fún obìnrin. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, olúkúlùkù di ohun kékeré kan mú: bàtà ọmọ kan, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, síléètì tí wọ́n kọ ABD sí dé ìdajì. Morádéyọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ṣíbí tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní oògùn ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́ jókòó, bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀.

“Ẹ rọra o, Màmá. Ara mi tutù. Omijé ni wọ́n fi ń fọ̀ mí.”

“Ẹ kú ìfaradà,” Morádéyọ̀ dá a lóhùn, ó sì tẹ́ gèlè rẹ̀ kó tó jókòó. Ó kọjú sí ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ ti pẹ́ níbí, Ìyá?”

“Láti ìgbà ogun Jálumi.”

“Wọn ò tíì dá yín lóhùn?”

“Wọ́n ní ó kù díẹ̀.”

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín ná. Ìyá yẹn ò rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì jẹ́ agbè. Agbè tí wọ́n fi ń pọnmi ni mò ń wí o, ó so táì mọ́rùn, ó sì di òǹtẹ̀ lọ́wọ́. Bí obìnrin kan bá ti dé iwájú rẹ̀, á ní, “Omi dànù, agbè ò fọ́,” á lu òǹtẹ̀ gbàà, obìnrin náà á padà lọ jókòó. Nígbà tó kan Morádéyọ̀, agbè la ẹnu.

“Omi dànù, agbè ò—”

“Mo ti gbọ́,” Morádéyọ̀ já a lẹ́nu gbà. “Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti ń gbọ́. Ta ló bi ọ́ nípa agbè? Omi ni mo wá béèrè.”

Agbè gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó wo inú ara rẹ̀, ó rí i pé inú náà gbẹ táútáú. “Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí,” ló wí. Ojú tì í. Ó lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ Morádéyọ̀ pé kó wọlé lọ rí ọ̀gá àgbà.

Ta lẹ rò pé ó wà níbẹ̀? Ọládòkun ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín, tó jókòó lórí àga tó ń yí bírí. Morádéyọ̀ ò pe orúkọ ọkùnrin yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Akọ̀wé ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ti í pe àwọn àbúrò ọkọ. Ó kúnlẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ìyàwó wa, ẹ dìde. Ṣé ẹ wá síbi òkú mi? Wọ́n bo ojú mi, mi ò rí yín.”

“Mo wá. Èmi ni mo se ìrẹsì.”

“Ẹ ṣeun. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀.”

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibẹ̀ fún mi.”

Ọládòkun ò ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú fáìlì tínínrín kan jáde. Orúkọ Ìbídùn wà lára rẹ̀. “A búra,” ló wí. “Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ gbé e lọ búra níwájú bàbá wa pé a ò ní sọ ọ́ títí láé.”

“Bàbá yín ti kú. Ẹ̀gbọ́n yín ti kú. Ẹ̀yin náà ti kú. Ta ló kù tí ìbúra ń ṣọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, Morádéyọ̀ rí i lójú rẹ̀. Ọládòkun ṣí fáìlì, ó na ìka sí ìlà àkọ́kọ́, ó la ẹnu láti kà á. Ohun tó jáde ni, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀.” Ó wúkọ́, ó tún gbìyànjú, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀.” Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo méjì sì yọ lórí rẹ̀. Kí ojú tó ṣẹ́, ewúrẹ́ ló jókòó sórí àga tó ń yí bírí. Ewúrẹ́ náà wo Morádéyọ̀ tàánútàánú, ó tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Morádéyọ̀ di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ó ń fà á, ewúrẹ́ náà ń fà á, omi sì ń jáde lójú àwọn méjèèjì. Ewúrẹ́ ló borí. Ó gbé e mì pátápátá.

Morádéyọ̀ sáré jáde láti fẹjọ́ sùn, ó bá gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti di ewúrẹ́. Wọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú táì lọ́rùn, ẹnu gbogbo wọn sì kún fún ìwé. Ó wá òbúkọ kan tó fi jígí sójú, ó kí i dáadáa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá yín ti jẹ fáìlì ọmọ mi.”

“Àwọn ọ̀gá máa ń jẹ ẹ́,” òbúkọ wí. “Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé.”

“Mi ò lè dúró dọjọ́ Ajé. Mo ti dàgbà.”

“Ìyá, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Inú ikùn ọ̀gá ni fáìlì wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ikùn náà.”

Ẹ̀yin ń wò mí. Ó kọ ọ́ o! Òǹkọ̀wé ni, kí ló tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ó jókòó sílẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí Ikùn Ọ̀gá Àgbà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun kò béèrè ju orúkọ ibì kan lọ. Òbúkọ gbé lẹ́tà wọlé, ó sì mú èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi kọ èsì náà, ọwọ́ ọmọdé ni, lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Ó kà pé: Màmá, ṣé ìgbín padà rí ilé ẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn dé lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, Morádéyọ̀ sì ti ṣèlérí pé bí ilẹ̀ bá mọ́ òun á parí rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ka ìwé yẹn, gbogbo èébú tí òun ti kó jọ fún Ọlọ́run láti ọdún yẹn kún òun lẹ́nu, òun ò sì rí ọ̀kan sọ. Sájẹ́ǹtì, tó ti ń tẹ̀lé e káàkiri, gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe nínú iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Wíńdò Keje.

Ìgbín ló wà ní Wíńdò Keje. Ìgbín tirẹ̀ gan-an, ní ìhòòhò, tó ń gbọ̀n.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Òtútù ń mú mi.”

“Kí ló ń ṣe ọ́? Mo dá ilé rẹ padà fún ọ lójú ìwé ogún. Àwọn ọmọ gbogbo ilé ìwé ló mọ̀.”

“Ẹ̀yìn ìgbà tí Ìbídùn lọ tán lẹ kọ ìyẹn. Kò gbọ́ ọ. Èmi ni ìgbín tí òun gbọ́.”

“Ta ló wá wà nínú ilé rẹ?”

“Òun ni,” ìgbín wí. “Ilé kò tóbi, ṣùgbọ́n òjò kì í wọ ibẹ̀. Mo lè fi hàn yín. Ẹ kàn máa tẹ̀ka sí ìwé yìí.”

Ó ti ìwé kan jáde lábẹ́ wíńdò. Morádéyọ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó kà pé òun, ìyá, gbà kí wọ́n fi ojú oórì èyí àkọ́kọ́ han òun, òun sì fi èyí tó kù san án. Ẹni tó kù ni Gbọ́lágadé, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn wá tọ́jú ìyá rẹ̀, tó ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́ báyìí nílé ìdáná. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, títí kan ẹ̀kọ. Morádéyọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wéé kọ.

“Tíṣà, ẹ má ṣe é,” Sájẹ́ǹtì wí. “Òkú méjìlélógún ni mo ti rí fún yín. Mi ò fi ẹ̀mí alààyè san ìkankan.”

Inú bí Morádéyọ̀, irú ìbínú tí kò bí i rí. “Ìwọ! Kí lo rò pé mo dá ọ fún? Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ ni mo dá ọ. Ìwé lórí ìwé ni mo fi ń rán ọ níṣẹ́, òkú ọkùnrin, òkú olówó, òkú àlejò lo ń gbé wá fún mi. Mo ní kó o wá ọ̀kan péré!”

Kò sí ìwé kankan tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí Sájẹ́ǹtì lẹ́nu fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Morádéyọ̀ ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì aláwọ̀ búlúù tó wà létí wíńdò, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an nìyẹn, ilẹ̀ ló sì ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìgbín fa aṣọ wíńdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òórùn ilẹ̀ tútù jáde, bíi ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Morádéyọ̀ rí ewé, ó rí ẹ̀bá karaun funfun kan tó yọ díẹ̀ lábẹ́ ewé. Ẹnì kan pè é láti ibẹ̀ pé, “Màmá!” Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ láti ká ewé kúrò. “Màmá!” Ohùn náà ki jù fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohùn ọkùnrin ni.

“Màmá, ẹ dìde, ẹ̀kọ yín ti délẹ̀.”

Gbọ́lágadé ló dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Bírò ti jò sí ìyá lọ́wọ́ lójú oorun, gbogbo àtàǹpàkò rẹ̀ ti di búlúù.

“Ẹ wo ọwọ́ yín,” ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ tẹ̀ka sí?”

Morádéyọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń mí. Ìyá mìíràn á ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò lè pa irọ́ yẹn. Ó rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un: agbè, àwọn ewúrẹ́, ìgbín, orúkọ tó wà nínú ìwé. Ó ní, “Ìwọ ni mo fi san án. Mo kà á yé mi, mo sì tẹ̀ ẹ́.”

Gbọ́lágadé gbé abọ́ sórí tábìlì.

“Ṣé ẹ wá rí ibẹ̀?”

“O jí mi.”

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. “Màmá, èmi mọ ibẹ̀. Bàbá Ọládòkun mú mi lọ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan nínú ilé mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà kọ́lé lé e. Kò jìnnà rárá. Ẹ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá tẹ́ ẹ bá ń lọ—”

Morádéyọ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ètè rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, yíǹkì sì yí ọmọ náà lẹ́nu. Gbọ́lágadé ò yí orí kúrò. Ìyá ń sunkún, ó ń mi orí pé rárá, rárá, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí ẹ̀kọ fi dì nínú abọ́.